"Ẹ" Tí Mo Ṣì Gbọ́

Irọ́ pátápátá làwọn fíìmù yẹn, àwọn tí mo máa ń wò ní gbogbo Sátidé ní Ìkòròdú kí n tó lọ́kọ. Ẹ̀yin náà á ti wo irú rẹ̀. Lọ́yà obìnrin kan á ti ìlú ńlá dé ìlú kékeré, á fi bàtà gogoro tẹ ẹrẹ̀, wọ́n á fi í rẹ́rìn-ín, ọkùnrin ibẹ̀ kan á sì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n á jà. Obìnrin á di ẹrù rẹ̀, àmọ́ kó tó wọkọ̀, ọkùnrin á ti sáré dé. Mo máa ń sunkún níbẹ̀, òmùgọ̀ èmi.

Nígbà tí tíṣà kan, ọmọ Ẹ̀pẹ́, ní òun fẹ́ fẹ́ mi, mo ní tèmi ló dé yìí. Mo bẹ àwọn ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì l'Ékòó pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa ti ilé ṣiṣẹ́, mo sì kó lọ bá a.

Kò sẹ́ni tó fi mí rẹ́rìn-ín ní Ẹ̀pẹ́. Ìyá ọkọ mi, tí a jọ ń gbé, kàn máa ń dákẹ́ ni. Mo lè jókòó ti kọ̀ǹpútà látàárọ̀. Màmá á gbálẹ̀ yí mi ká, wọ́n á gbé ọbẹ̀ kaná, wọn ò ní sọ nǹkan kan. Ọkọ mi á ti iléèwé dé, ohun tó máa kọ́kọ́ bi mí ni, "Ṣé o ti kí màmá?" Ó sú mi. Lọ́jọ́ kan mo jágbe mọ́ ọn pé màmá rẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́. Háà, ẹnu mi yìí! Màmá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ọkọ mi ò bú mi. Ó kàn jáde. Ìyẹn ló dùn mí jù, ni mo bá kó aṣọ díẹ̀ sí báàgì, mo wọkọ̀ lọ sílé bàbá mi. Ká sòótọ́, mi ò fẹ́ fi í sílẹ̀ o. Mo fẹ́ kó wá mú mi ni. Nígbà tí mo sọ̀ ní Benson, ibùdókọ̀ wa ní Ìkòròdú, mo tiẹ̀ wẹ̀yìn.

Ọjọ́ kẹrin ló pè. Ó ní, "Ìgbà wo lẹ ń bọ̀?"

Ẹ kẹ̀? Ọkùnrin tó ń pè mí ní "ìwọ" látọjọ́ tí a ti pàdé! Mo ní ó ti sọ mí di àlejò, ó tún ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi náà dá a padà fún un: "Ìgbà tí ẹ bá ráyè wá mú mi, sà."

Ó ní kò burú.

Bàbá mi fẹ́ pè é, mo ní kí wọ́n má pè é, pé ó ń bọ̀. Gbogbo ìgbà tí géètì bá dún ni mò ń dìde. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi dìde bẹ́ẹ̀, títí mo fi gbọ́ pé ó ti fẹ́ ẹlòmíràn.

Lọ́dún tó kọjá, màmá kú. Mo lọ bá ẹbí wọn kẹ́dùn ní Ẹ̀pẹ́, ọkọ mi àtijọ́ ló sì sìn mí dé ojú títì. Mo bi í pé kí ló dé tí kò wá nígbà yẹn.

Ó ní, "Nílé wa, tí ìyàwó bá bínú lọ, àwọn èèyàn rẹ̀ ló ń mú un padà wá. Mo bi yín pé ìgbà wo lẹ ń bọ̀, ìwọ àti bàbá rẹ. Màmá ló ní kí n béèrè. Wọ́n fẹ́ mọ ọjọ́ tí wọ́n máa sè dè yín."

Mo wọkọ̀ Ìkòròdú, mo sì bú sẹ́kún níbẹ̀. Obìnrin tó jókòó tì mí ní kí n máa pẹ̀lẹ́, ó bi mí pé ta ló kú.

Mo ní ìyá ọkọ mi ni.