Ọwọ́ Àǹtí Aláṣọ Funfun

Bí mo bá ṣí ìgò dẹ́tọ́ọ̀lù ní wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí wa, ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà èwe mi ní Etikan, abúlé wa tó wà lórí omi, ló máa ń padà wá sí mi lọ́kàn. Ìyá mi ti bímọ, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ò dá. Ó ń kán gba àárín pákó ilé wa sínú omi. Koríko ojú omi ti dí odò pa, ọkọ̀ ò lè jáde. Àǹtí aláṣọ funfun tó máa ń gún wa lábẹ́rẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣe nǹkan!” ni bàbá mi ń pariwo.

“Ẹ̀gbọ́n, abẹ́rẹ́ nìkan ni wọ́n kọ́ mi.”

Mo rò pé ìkà ni. Mo gé ọwọ́ rẹ̀ tó ń rùn dẹ́tọ́ọ̀lù jẹ.

Ilé ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí ni mo ti mọ̀ pé ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń ra ìsàlẹ̀ ikùn kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ká ní wọ́n kọ́ àǹtí yẹn ni, ọwọ́ tí mo gé jẹ yẹn ì bá gba ìyá mi là.