Bẹ́ẹ̀dì Ìgbẹ̀bí Láti Kugbo

Wọ́n ti fọwọ́ sí i! Gbogbo wọn pátá! Èmi gan-an ni mo ń gbé bírò lé wọn lọ́wọ́, bí ẹnì kan bá ti parí, màá tún fa ìwé àdéhùn ilé ìgbẹ̀bí náà lọ síwájú ẹni tó kàn. Nígbà tí ẹni ìkẹyìn gbé bírò sílẹ̀, mi ò dúró gba mínírà tí wọ́n ń pín. Mo sáré. Bàtà mi já lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì, mo bọ́ ìkejì, mo kó méjèèjì dání, mò ń sáré lọ létí títì Orozo bí ọmọ kékeré. Àwọn ọlọ́kadà ń bú mi, mò ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Kí n ṣáà délé, kí n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kò ní í kú, ọmọ inú ẹ̀ náà ò sì ní í kú.

Ọdún méjì péré ni ẹ̀gbọ́n mi yìí fi jù mí lọ. Ọkọ ẹ̀ wà níbi iṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé, oyún ẹ̀ sì ti pé oṣù mẹ́jọ. Inú kẹ̀kẹ́ ló bí àkọ́bí ẹ̀ sí, lójú ọ̀nà Nyanya, nínú gosíló. Ọmọ náà ké lẹ́ẹ̀kan péré, kò ké mọ́. Kí ló gbé wọn dé Nyanya? Kò sí agbẹ̀bí lọ́dọ̀ wa ni. Ilé ìwòsàn wà o, wọ́n tiẹ̀ kùn ún ní funfun àti búlúù, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń wá, ọjọ́ Túsìdé nìkan, láti fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kó tó di ọ̀sán, ó ti lọ.

Nígbà tí ọ́fíìsì ìlera wá sọ pé àwọn nìkan ò lè dá a ṣe, pé kí gbogbo ẹgbẹ́ tó wà nílùú dáwọ́ jọ kí ìtọ́jú lè kárí gbogbo agbègbè Abuja, pé apá ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀, ẹ wo bí inú mi ṣe dùn! Ẹgbẹ́ dẹ́rẹ́bà wá sípàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá ìjọ wá, àwọn ìyá mọ́ṣáláṣí wá, ará káńsù kan náà wá. Bàbá mi ló ṣáájú àwọn káfíńtà Kugbo, ará Ọ̀ṣun ni ọ̀pọ̀ wọn, bí àwa náà. Wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé ìpàdé torí mo ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì, mo sì gbọ́ Hausa díẹ̀.

Wọ́n gbàdúrà onígbàgbọ́, wọ́n gbàdúrà mùsùlùmí, gbogbo wa ṣe àmín méjèèjì. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá ń dìde sọ ohun tó mú wá. Alága dẹ́rẹ́bà ní aboyún tí ọmọ bá mú, ìgbà yòówù kó jẹ́, ọ̀fẹ́ làwọn á gbé e. Àwọn ìyá ní àwọn á mú kọ́tìnnì wá, àti báfù, àti táńkì omi. Ló bá kan bàbá mi, wọ́n ṣí aṣọ lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n gbé ti Kugbo wá.

Igi ọ̀gánwó ni. Wọ́n gbẹ́ òdòdó sí pátákó ibi orí ẹ̀, wọ́n fi pọ́líìṣì ra á títí tó ń dán, wọ́n wá fi àrán pupa bo fóòmù ẹ̀. Olúwa mi, bẹ́ẹ̀dì ìyàwó ọba ni! Alága dẹ́rẹ́bà fọwọ́ tẹ fóòmù náà wò.

"Bàbá, bí mo bá fi lè sùn sórí eléyìí, èmi náà á bí ìbejì."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Màdáámú tó wá láti ọ́fíìsì ìlera dúró tì í, wọ́n ya fọ́tò.

Ìyá àgbà kan láti mọ́ṣáláṣí ló wá béèrè ní Hausa pé *ungozoma* dà, agbẹ̀bí dà, ta ló ń mú un bọ̀? Mo túmọ̀ ẹ̀ fún ìpàdé. Ojú Màdáámú ni ìyá náà ń wò. Kí Màdáámú tó lanu, bàbá mi ti dìde.

"Ìyá, sànnu. A kì í bi àlejò pàtàkì léèrè ohun tó gbé wá lójú èèyàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dójú tì wá."

Àwọn àgbà mi orí. Màdáámú rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní iṣẹ́ káńsù ni kí wọ́n fi agbẹ̀bí ránṣẹ́. Ará káńsù ní lẹ́tà láti ọ́fíìsì làwọn ń retí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé "wọn á wò ó", mo fa ìlà sábẹ́ ẹ̀, inú mi ń dùn lọ. Ta ló máa rò pé èèyàn ńlá bẹ́ẹ̀ á wá lọ́wọ́ òfo?

Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo délé. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un láìmí: mọ́tò, táńkì, àrán pupa. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ta ló máa gbẹ̀bí?"

Mo ní nọ́ọ̀sì ni. Ó ní nọ́ọ̀sì wo. Mo ṣí ìwé mi. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo ṣí ojú ìwé kejì, mo tún padà sí ti àkọ́kọ́. Kò sí orúkọ nọ́ọ̀sì kankan níbẹ̀, àfi "wọn á wò ó" tí mo fàlà sábẹ́ ẹ̀. Èmi tí mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́, mi ò rí i pé kò sí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò bú mi. Ó ṣáà ń ṣa ẹ̀wà ẹ̀ lọ.

Bàbá mi dé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí Màdáámú ṣe fẹ́ wọkọ̀ ni Màdáámú rọra sọ fún àwọn pé wọn ò lè lo bẹ́ẹ̀dì náà níbi ìgbẹ̀bí, pé ẹ̀jẹ̀ á máa wọnú fóòmù, kí wọ́n gbé e síbi tí àwọn àlejò máa ń jókòó sí. Ẹ̀gbọ́n mi wá bi wọ́n ní ìbéèrè tó bi mí. Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. Mo ní kí wọ́n pe Màdáámú. Wọ́n mú fóònù, wọ́n wò ó títí, wọ́n gbé e sílẹ̀. Wọ́n ní kí làwọn fẹ́ wí, ṣebí ẹnu àwọn náà làwọn fi pa ìyá yẹn lẹ́nu mọ́.

"Ọmọ mi, má bínú."

"Bàbá, ẹ má da ara yín láàmú. Mo ti mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyẹn."

Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, pé ó ti mọ̀, tó sì jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ìdájí ọjọ́ kejì, mo ru ẹrù ẹ̀, a wọkọ̀ lọ sí Durumi, ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá wa obìnrin. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ṣùgbọ́n ọsíbítù kò jìnnà síbẹ̀. Wọ́n sún ẹ̀rọ ìránṣọ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, a tẹ́ ẹní sáàárín. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi sùn, mo jáde, mo béèrè ọ̀nà ọsíbítù lọ́wọ́ ará ilé kan, mo fẹsẹ̀ rìn ín, jẹ́jẹ́, bí aboyún ṣe ń rìn, mò ń dúró kí n sinmi níbi tí òun náà á ti nílò ìsinmi. Mo dé géètì. Ó jìn ju bí wọ́n ṣe sọ lọ. Mo yí padà, mo tún un rìn.