Igi Tútù Nílé Athol Pybus

N kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: òmùgọ̀ ni Athol Pybus tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Nígbà tó ra ẹ̀rọ oníná tó ń mú ilé gbóná, ó kó gbogbo igi gbígbẹ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ tà, ó wá ń fi àwa tó ń dáná igi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ará oko ni wá. Gbogbo erékùṣù Tasmania wa yìí ni ará oko, àfi òun. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Lóṣù Keje, tó jẹ́ àárín ìgbà òtútù lọ́dọ̀ wa, nígbà tí òtútù mú débi pé omi dì nínú garawa, ẹ̀rọ náà kú. Ẹni tí yóò tún un ṣe ní kí wọ́n ṣe sùúrù, ohun tí òun máa fi tún un ṣe ṣì ń bọ̀ láti òkè òkun. Bẹ́ẹ̀, ìyá Athol, Màmá Ilma, arúgbó tí ikọ́ kì í fi sílẹ̀, ló ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Noeleen, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, sọ lórí fóònù pé bí ilé náà kò bá gbóná kó tó di Sunday, òun yóò wá gbé ìyá àwọn lọ sílé òun ní ìlú Hobart. Màmá kò fẹ́ lọ rárá. Inú ilé yẹn ni wọ́n ti tọ́ ọmọ méjèèjì.

Athol bá gbé sítóòfù onígi àtijọ́ kan jáde, ó ti ọ̀pá èéfín rẹ̀ gba ojú fèrèsé, ó fi páànù dí ihò tó kù. "Ẹ jẹ́ ká ṣì máa lo èyí ná," ló wí. Kò burú. Ṣùgbọ́n igi dà? Ọmọdé ibí pàápàá mọ̀ pé igi téèyàn gé lọ́dún yìí, ó di ọdún tó ń bọ̀ kó tó ṣeé fi dáná. Athol gé igi lẹ́yìnkùlé láàárọ̀, ó kó o sínú sítóòfù lọ́sàn-án.

Èéfín gba gbogbo ilé. Láti ọgbà mi ni mo ti ń gbọ́ ikọ́ Màmá.

"Athol," ni mo ké sí i, "wá kó igi lọ́dọ̀ mi jàre. Ó gbẹ dáadáa, ó sì pọ̀ rẹpẹtẹ."

"Èmi? Kí wọ́n rí mi lójú títì, kí n máa ru igi onígi kiri? Clarrie, fi mí sílẹ̀ o. Ó máa tó jó."

Níbí, igi tó wà nílẹ̀ nílé ọkùnrin la fi ń mọ̀ ọ́n lọ́kùnrin, ẹni tó bá sì tọrọ igi nígbà òtútù, wọ́n á fi í ṣẹ̀fẹ̀ dé inú ilé ọtí. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá ẹ ń wúkọ́, ìwọ ń ro ẹ̀fẹ̀! Inú bí mi. Mo da igi sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó kó o padà wá bá mi, ó tiẹ̀ tún ń yínmú.

Ní Sunday, mo tún gbé igi lọ, mo bá Noeleen lẹ́nu ọ̀nà, ó ń nu omi tí èéfín fà sí i lójú.

"Athol! Ṣé ẹja lo fẹ́ yan ni, àbí ìyá wa?"

"Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú ni."

Màmá jókòó nínú kóòtù méjì, omi ń dà lójú wọn. "Athol," ni wọ́n wí, "gba igi yẹn lọ́wọ́ Clarrie. Mi ò fẹ́ lọ."

Athol wo igi náà, ó wo èmi. "Màmá, wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni."

Màmá ń retí. Athol yí ojú kúrò lára igi náà. Màmá bá dìde, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbé báàgì wọn.

"Ojú ń tì ẹ́ láti gba igi fún mi," ni wọ́n wí. "Ó dáa. Mo ti gba ìtìjú yẹn kúrò lọ́rùn ẹ."

Wọ́n wọ mọ́tò Noeleen, wọn ò sì wẹ̀yìn.