Ẹsẹ̀ Mi àti Dòdò Ìkirè

Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni mí ní ọjọ́ Ìsinmi kan tí mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí mo bọ́ bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà, tí mo rí i pé inú rẹ̀ ti kún fún ẹ̀jẹ̀. Òkúta kékeré kan ló wà níbẹ̀. Ó ti gún mi lábẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo sì ti fi rìn dé ilé wa ní Ìkirè láìmọ̀ ọ́n lára. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ rí àbàwọ́n lórí símẹ́ńtì.

"Ìyá Fọlákẹ́, ta ló ń ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ báyìí?"

"Bóyá ẹ̀yin ni," ni mo fi dá wọn lóhùn, mo ń rẹ́rìn-ín, kí n tó wo ẹsẹ̀ ara mi.

Ẹ̀jẹ̀ kì í dẹ́rù bà mí. Mo ti fọ egbò fún ọmọ iléèwé fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ṣùgbọ́n egbò tí kò dun ẹni tó ni ín, n kò rí irú rẹ̀ rí. Mo fi ìka tẹ ẹ̀bá rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni mo ń tẹ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Ọdún díẹ̀ ṣáájú ìgbà náà ni dókítà ti sọ fún mi pé mo ní àtọ̀gbẹ. Àwọn kan rò pé ẹni tó bá ń lá ṣúgà nìkan ló ń ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú oúnjẹ tí a ń jẹ, pàápàá iṣu, ẹ̀bà, ìrẹsì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, ló ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Oje ara kan wà tí wọ́n ń pè ní ínsúlínì, òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà náà kí ó lè wọ inú ara lọ di agbára. Bí oje náà kò bá tó, tàbí tí ara kò bá gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ṣúgà á máa kóra jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá pẹ́ níbẹ̀, á ba àwọn iṣan tín-ín-rín tó ń gbé ìròyìn ìrora láti ẹsẹ̀ lọ sí ọpọlọ jẹ́, á sì dín ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ẹsẹ̀ kù. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ fi lè gbọgbẹ́ láìsọ fún ẹni tó ni ín, tí ọgbẹ́ náà kò sì ní tètè jiná.

Tèmi kò jiná. Mo ń lọ sí ọsibítù kí wọ́n máa bá mi wẹ̀ ẹ́, mo ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn pẹ̀lú àwọn tí wọ́n di ẹsẹ̀ bíi tèmi, olúkúlùkù ń yọ́ ẹsẹ̀ ẹnìkejì wò. Òórùn egbò ara ẹni ń tini lójú, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Aládùúgbò kan ní mo ti tẹ ohun tí ọ̀tá gbé sílẹ̀ fún mi. Òmíràn ní kí n máa ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Mo sọ fún ti àkọ́kọ́ pé mo mọ ohun tí mo tẹ̀, òkúta ni. Mo sọ fún èkejì pé ẹsẹ̀ tí kò mọ òkúta lára kò ní mọ̀ bí omi bá ti ń bó o.

Lọ́jọ́ kan dókítà wo egbò náà títí, wọ́n wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: "Mà, ṣúgà yín kò wálẹ̀ rárá. Bí egbò yìí bá wọlé dé egungun, a ó gé àtàǹpàkò yẹn, kó má baà ran gbogbo ẹsẹ̀."

Wọ́n kọ abẹ́rẹ́ ínsúlínì kún oògùn mi. Èmi àti ọkọ mi jọ darí sílé. Mo ní, "Wọn ò ní gé e. Ohun tó ń gbé ṣúgà yìí sókè, màá wá a rí."

Ohun tó rú mi lójú ni pé mo ń gbọ́ràn. Mo ti fi búrẹ́dì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀. Ìrẹsì, n kì í jẹ ju ṣíbí díẹ̀ lọ. Ní ọsibítù, wọ́n ní mo lè jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, inú mi sì dùn, nítorí èso yẹn ni wọ́n fi tọ́ wa. Àwọn onímọ̀ sọ pé ìhà Éṣíà ló ti wá láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ wa ti sọ ọ́ di ọmọ. Lóko bàbá wa ní Ìkirè-Ilé, àgbagbà ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbìn, kí ewé rẹ̀ ṣíji bo kòkó kékeré títí yóò fi lágbára. Ó ní èròjà tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ láti lù déédéé, ó sì ní fọ́nrán tó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀.

Ní ìlú tiwa, àgbagbà kì í bàjẹ́. Èyí tó pọ́n jù, tí èèpo rẹ̀ dúdú tó sì rọ̀ pẹ̀tẹ̀, tí àwọn ará ibòmíràn máa dà nù, òun gan-an ni a ń gún mọ́ ata àti iyọ̀, tí a ń dín nínú epo pupa, tí a ń mọ rìbìtì. Dòdò Ìkirè nìyẹn. Ìyá wa ṣe é tà, àbúrò mi Dúpẹ́ sì ń ṣe é ní Àpòmù títí di òní. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti dá mi dúró, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń gbé e wá fún mi. Kò sẹ́ni tó ń fi ṣúgà sí i, ata sì pọ̀ nínú rẹ̀. Nínú ilé wa, a kì í ka ohun tó bá ta lẹ́nu sí ohun dídùn.

Dúpẹ́ ló sìn mí lọ wẹ egbò lọ́sẹ̀ náà. Nọ́ọ̀sì bi mí pé kí ni mo jẹ lánàá.

"Àgbagbà ni, bí ẹ ṣe ní kí n máa jẹ ẹ́."

"Báwo lẹ ṣe sè é, mà?"

Kí n tó fèsì, àbúrò mi ti gbà á lẹ́nu mi. "Wọn ò sè é! Èmi ni mo ń fi ṣe dòdò fún wọn, ojoojúmọ́, ó máa ń gbóná fẹlifẹli."

Nọ́ọ̀sì gbé báńdéèjì sílẹ̀. Ó ṣàlàyé pé bí àgbagbà bá ṣe ń pọ́n ni sítáàṣì inú rẹ̀ ń di ṣúgà, pé èyí tó ti pọ́n kọjá ààlà ló dùn jù, pé ata kì í yọ ṣúgà kúrò.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ dákun," Dúpẹ́ ti fajú ro, "ọmọ ìlú ibo ni yín?"

"Ìkirè ni, mà. Dòdò yín gan-an ni mo jẹ lánàá. Èmi ò kàn ní àtọ̀gbẹ ni."

Nínú kẹ̀kẹ́, àbúrò mi ò dákẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, oúnjẹ ìyá wa ni wọ́n ń pè ní májèlé yẹn o."

"Wọn ò pè é bẹ́ẹ̀."

"Kí ni wọ́n wá pè é? Ìyá wa jẹ ẹ́ dọjọ́ ogbó!"

N kò bá a jà. Lójú mi, ẹni tó bá ń jiyàn ṣì ń ronú. Mo ti bi nọ́ọ̀sì bóyá mo lè fi ẹ̀rọ dán ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò, ó sì gbà. Nítorí náà mo gbé ẹ̀rọ kékeré tí mo fi ń wọn ṣúgà lọ sí ilé ìdáná Dúpẹ́ ní Àpòmù. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo jẹ àgbagbà tútù tí kò tíì pọ́n, tí a sè pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ẹja. Láàárọ̀ kejì, mo jẹ dòdò tí kò ju ti àná lọ. Lẹ́yìn wákàtí méjì, Dúpẹ́ fúnra rẹ̀ ló gún mi níka lọ́jọ́ méjèèjì, tó sì ka nọ́ńbà náà.

Ti ọjọ́ kejì fò kọjá ti àkọ́kọ́ jìnnà. Ó gbọn ẹ̀rọ náà.

"Ẹ fún mi ní ìka mìíràn."

Mo fún un. Nọ́ńbà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà. Àbúrò mi jókòó sórí àpótí, ó ń wo agbada rẹ̀.

"Ata náà dà?" ló wí.

Ọjọ́ yẹn ni ìwòsàn mi bẹ̀rẹ̀. Mo gún abẹ́rẹ́ mi láìyẹ̀, n kò fi ẹsẹ̀ yẹn tẹ ilẹ̀ àyàfi tó bá di dandan, n kò pa ọjọ́ wíwẹ egbò jẹ. Dúpẹ́ ń ra àgbagbà tútù lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Orílẹ̀-Òwu, á sì kígbe láti ẹnu ọ̀nà pé, "Tíṣà, oúnjẹ ẹ̀wọ̀n yín ti dé o!" Mo ń jẹ ẹ́ níwọ̀nba, nítorí àgbagbà tútù kì í ṣe oògùn, òun náà ń di ṣúgà, kò kàn yára ni. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò bá dá ṣáṣá gbọ́dọ̀ bi dókítà rẹ̀ kó tó máa jẹ ẹ́, nítorí èròjà tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ yẹn lè pọ̀ jù lára rẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni ẹran pupa tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti ìsàlẹ̀ egbò náà. Nígbà tí dókítà tẹ̀ ẹ́ tí kò sí omi mọ́, wọ́n ní egbò náà kò dé egungun, wọn ò ní gé nǹkan kan. Ọkọ mi bú sẹ́kún lójú gbogbo èrò. Èmi kò sunkún. Mo ń ka ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi bí olùkọ́ ṣe ń ka ọmọ kíláàsì tó kó jáde. Wọ́n pé.

Ìmọ̀lára tó ti lọ kò padà tán. Mo ti gba èyí. Ojú mi ló wá ń ṣe iṣẹ́ tí ìrora máa ń ṣe: mo ń gbọn bàtà mi kí n tó wọ̀ ọ́, mo sì ń fi dígí wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi kí n tó sùn. Dúpẹ́ ṣì ń ta dòdò, oúnjẹ tó dára ni fún ẹni tó bá bá lára mu. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà bá yà sọ́dọ̀ rẹ̀, á kọ́kọ́ bi í pé, "Ṣé ẹ ò ní àtọ̀gbẹ?" Ọkọ mi ní Dúpẹ́ yóò lé oníbàárà tán. Àwọn oníbàárà ò tíì lọ.

Mo tún ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, lọ́wọ́ àwọn tó wẹ egbò mi láìdi imú, àti lọ́wọ́ àbúrò tó gbà kí ohun tó ń tà kọ́ òun lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí wọ́n bá ní kí ẹ máa jẹ oúnjẹ kan, ẹ bi wọ́n léèrè bó ṣe yẹ kó rí àti bó ṣe yẹ kí ẹ sè é. Ẹ sì bọ́ bàtà yín báyìí, kí ẹ wo abẹ́ ẹsẹ̀ yín dáadáa. Ẹ má dúró dìgbà tó bá dùn yín.