Orin Tí Kò Ṣàìsàn Tí Mo Wò Sàn

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, mo dúró láàárín àgbàlá kan ní Kalley, àdúgbò kan ní Niamey ní orílẹ̀-èdè Niger, gbogbo èrò sì ń wò mí bí ẹni tó jí ẹran iléyá. Èmi Làmídì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí gbogbo ọjà Wadata ń pè ní Dókítà Kásẹ́ẹ̀tì, ni mo ba àwo orin àkọ́kọ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ìfẹ́ ni mo sì fi bà á jẹ́.

Òwò aṣọ ni mo bá wá sí Niamey, mo ń bá ẹ̀gbọ́n mi tà á. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa jẹ́ ti Alájì Múfú, ará Ìlọrin, tó ń tún kásẹ́ẹ̀tì ṣe. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni etí mi máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́, títí ẹ̀gbọ́n mi fi ní kí n kúkú kó ẹrù mi lọ bá etí mi. Alájì kọ́ mi ní àrùn mẹ́ta tó ń ṣe kásẹ́ẹ̀tì. Bí oòrùn bá ti na tẹ́ẹ̀pù inú rẹ̀, ohùn á máa gbọ̀n: ibà nìyẹn. Bí orí ẹ̀rọ bá dọ̀tí, ohùn á máa ti ọ̀nà jíjìn wá bíi pé inú kànga ni olórin wà: ọ̀fìnkìn nìyẹn. Bí tẹ́ẹ̀pù bá sì lọ́, orin á máa kọ padà sẹ́yìn: òòyì la ń pè é.

Alájì ní òfin kan tí kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ó ní bí oníbàárà bá gbé nǹkan wá, n kò gbọdọ̀ sọ fún un pé nǹkan rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ohùn ìyàwó àárọ̀ ẹni tàbí wáàsí bàbá ẹni ló máa ń wà nínú rẹ̀, ojú á sì ti oníǹkan. Kí n wò ó sàn, kí n dá a padà, kí n dákẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì kásẹ̀ nílẹ̀, a bọ́ sórí mẹ́mórì káàdì, Alájì gan-an padà sí Ìlọrin, ṣùgbọ́n n kò yẹ òfin náà.

Ìgbà náà ni Sùlé dé. Niamey ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ kò sì nípọn. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ń ta gìtá, wọ́n ń lùlù, wọ́n sì ti ṣe àwo orin àkọ́kọ́ wọn. Ó ní rock psychédélique ni, irú orin òyìnbó kan tí n kò gbọ́ rí. Mo ní kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i. Ó fẹ́ kí n kó o sórí mẹ́mórì káàdì, kí wọ́n lè gbé e jáde ní ọjọ́ Jímọ̀ nínú àgbàlá wọn. Ìyá rẹ̀ tó ń ta aṣọ ti sọ fún un pé bí àdúgbò kò bá gba orin náà, kó gbé gìtá kọ́, kó lọ bá àbúrò òun ṣe òwò alùbọ́sà ní ìlú Galmi.

Mo gbọ́ orin náà. Gìtá ní ibà. Ohùn ní ọ̀fìnkìn. Orin karùn-ún ń kọ padà sẹ́yìn. Orin tó kẹ́yìn gùn tó ogún ìṣẹ́jú, ohun kan náà ló sì ń pààrà. Àánú ọmọ náà ṣe mí gidigidi. Mo sọ lọ́kàn mi pé ọmọ yìí á kó alùbọ́sà.

Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tọ́jú ẹ̀. Mo mú gìtá dúró ṣinṣin, mo fa olórin jáde nínú kànga, mo dojú orin karùn-ún kọ iwájú, mo sì gé orin tó kẹ́yìn sí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mo kó gbogbo rẹ̀ fún Sùlé, mo dákẹ́ bí Alájì ṣe kọ́ mi, inú mi sì ń dùn.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ náà, àwo orin parí kí tíì tí wọ́n gbé kaná fún àlejò tó hó. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ irú èyí tí wọ́n máa ń pa fún ọ̀gá ilé ìwé. Sùlé jókòó sórí àpótí gìtá rẹ̀, ó dorí kodò.

Ó ní, “Tonton, c'est pas nous, ça. Àwa kọ́ nìyí.”

Ìyá rẹ̀ dìde. Mo rò pé ó fẹ́ yìn mí ni.

Ó ní, “Sùlé, èyí tí mo máa ń gbọ́ láti yàrá rẹ dà? Èyí tó ń yí po yẹn? Òun ni mo fi ń ṣẹ́tí aṣọ.”

“Maman, ẹ ní ariwo ni.”

“Ariwo ni. Mo ti mọ ariwo náà lórí.”

Ojú tì mí débi pé mo rú òfin Alájì níbẹ̀. Mo ní, “Èmi ni. Mo rò pé ara rẹ̀ kò yá, mo wá tọ́jú rẹ̀.” Seyni, awakọ̀ takisí kan, bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ohun tó kó mi yọ ni òfin kejì Alájì, pé a kì í sọ ojúlówó nù. Ojúlówó orin Sùlé wà lápò mi. Wọ́n gbé e sẹ́rọ. Gìtá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ohùn ń ti inú kànga bọ̀, kò sì sẹ́ni tó kúrò níbẹ̀. Tíì jóná, ẹnikẹ́ni kò bojú wò ó. Ìyá Sùlé gbé aṣọ àti abẹ́rẹ́ jáde. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ adùn rẹ̀: orin náà kò kánjú lọ síbì kankan, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ kí ìwọ náà kánjú. Nínú ìtìjú mi, ẹsẹ̀ mi ti ń jó. Seyni ní orin tó kẹ́yìn yẹn á gbé òun láti Talladjé dé Wadata láìsí pé èrò ọkọ̀ kankan bá ẹnìkejì rẹ̀ jà. Òun ló kọ́kọ́ gba ẹ̀dà tirẹ̀.

Ìyá Sùlé pe àbúrò rẹ̀ ní Galmi pé kó wá ẹlòmíì. Ó gba ẹ̀dà ojúlówó, ó sì gba èyí tí mo wò sàn náà mọ́ ọn. Ó ní àwọn àlejò tí òun kò fẹ́ kí wọ́n pẹ́ ni òun á máa gbé e sí fún.

Láìpẹ́ yìí, Sùlé gbé àwo orin kejì wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń họrí.

“Tonton, ẹ̀rọ tí wọ́n fi gba ohùn wa mọ́ jù. Ara orin yìí le jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kó ibà ràn án.”

Mo gbé ẹ̀rọ àtijọ́ Alájì sọ̀ kalẹ̀ lórí àjà. Mo gba orin náà sínú kásẹ́ẹ̀tì, mo gbé e lé orí páànù nínú oòrùn, mo sì fa àga jókòó tì í, mo ń dúró kí ara rẹ̀ gbóná.