Àtẹ̀gùn Méjìdínlógún

Àbúrò ìyá mi ni aránbàtà tó wà ní ìkángun àdúgbò wa. Àìsàn ìgbà èwe rọ ọ́ lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, àmọ́ kò rọ ọ́ lẹ́nu. Bí ẹ bá gbé bàtà lọ bá a, ẹsẹ̀ yín ni yóò kọ́kọ́ wò.

“Ìyá oníbúrẹ́dì, bàtà yìí ò sunkì o. Ẹsẹ̀ yín ló wú. Ẹ lọ rí nọ́ọ̀sì ná kí n tó fọwọ́ kàn án.”

Àwa ará àdúgbò la fẹnu kò, tí a wá nọ́ọ̀sì náà rí. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì yọ̀ǹda yàrá kan lókè ilé rẹ̀, bíríkìlà rẹ́ ògiri, àbúrò ìyá mi rán àpò tí nọ́ọ̀sì ń kó irinṣẹ́ sí. Àràárọ̀ Sátidé ló ń wá wò bóyá ẹ̀jẹ̀ wa ń ru. Èmi ni akọ̀wé, mo sì ń yan káàkiri bíi pé èmi ni mo dá ìlera sáyé.

Lẹ́yìn ọdún kan, nọ́ọ̀sì bi mí pé, “Ta ni aránbàtà tí gbogbo wọn ń sọ pé òun ló ní kí àwọn wá yìí? Ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ ńkọ́?”

Mo ṣí ìwé. Mo tún un ṣí. Orúkọ àbúrò ìyá mi kò sí níbẹ̀. Àtẹ̀gùn méjìdínlógún ló wà láàárín òun àti yàrá wa, kò sì sẹ́ni tó rò ó rí. Ojú tì mí.

Nọ́ọ̀sì sọ̀kalẹ̀ lọ bá a. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó tún un wọ̀n, ó wá jókòó sórí àpótí.

“Bàbá, ó ti ru kọjá ààlà. Mo gbọ́dọ̀ máa rí yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí rọpárọsẹ̀ ò jìnnà síbí.”

Ẹ̀rù bà mí débi pé mo fi ìbínú bò ó. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ.

“Kí ni ǹ bá sọ? Ìwọ náà ò mọ ẹsẹ̀ mi ni?”

A pe ìpàdé kíákíá lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Tíṣà dábàá pé kí géńdé mẹ́rin máa gbé e gòkè ní gbogbo Sátidé. A pàtẹ́wọ́. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí a gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, níbi ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn.

“Ẹ kú ìpàdé o. A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ẹrù kọ́ sì ni mí.”

Yàrá òkè yẹn náà la kó ara wa jọ sí. Bíríkìlà ló kọ́kọ́ gbé àga rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀. A tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, Tíṣà ló kẹ́yìn, ó ń kùn. Nígbà tí a jókòó tán, àbúrò ìyá mi nàka sí yàrá ìsàlẹ̀ tí Tíṣà ń kó àwọn àga tó ti kán sí.

“Ìyẹn ńkọ́?”

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì jókòó sí. Àbúrò ìyá mi ló kọ́kọ́ wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyá arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá rìn, ìyàwó télọ̀ tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ, àti bàbá kan tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Orúkọ tuntun mọ́kànlá ni mo kọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Àdúgbò kan náà la jọ ń gbé. Ọdún kan gbáko ni mo fi rò pé torí ara wọn le ni wọn ò ṣe wá.