Kásẹ́ẹ̀tì Tó Gbọ́ Ọkàn Àkànní

Jóṣúà Àkànní, ọmọ Ọ̀pómúléró, òpó tó dúró tí ilé mi kò fi wó, káfíńtà Bódìjà, bàbá Fọlá, ọkọ mi. Ẹ̀yin tí ọkàn yín ń sáré láìsí ẹni tó ń lé e, nítorí yín ni mo ṣe ń kọ èyí.

Mo gbé oúnjẹ lọ fún un ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan. Ó ń fá pákó lọ, ó dédé dúró.

"Ìyá Fọlá, wá fọwọ́ kan àyà mi."

Mo fọwọ́ kàn án. Ó ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀ bí ẹyẹ tí wọ́n dì sínú àpò. Òógùn bò ó, ó jókòó sórí èérún pákó. Kí n tó rí takisí, àyà ti rọlẹ̀. Ó ní, "Ó ti lọ," ló bá tún mú ìfági rẹ̀.

Nígbà tí àyà rẹ̀ tún gbéra, ìdí ayùn oníná ló ṣubú sí. Ọlọ́run ló ní kí Múfútáù tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wà nítòsí, òun ló fà á sẹ́yìn. Mo ní kò gbọdọ̀ dé ìdí ayùn mọ́ títí a ó fi mọ ohun tó ń ṣe é. Ó ní, "Kí n wá máa ṣe kí ni? Kí n máa ka aláǹgbá?"

A lọ sí ilé ìwòsàn. Bẹ́ǹṣì tí a jókòó lé ń mì, ìdí ń ro wá. Wọ́n lẹ okùn mọ́ ọn láyà, ẹ̀rọ fa ìlà sórí pépà, ìlà náà gún régé. Àìsàn yìí kì í jẹ́ kí dókítà rí òun.

Dókítà Olútáyọ̀, tó ń ṣe ìwádìí lórí bí ọkàn ṣe ń lù, ló là á yé wa. Ó ní iná kékeré kan ń bẹ nínú ọkàn ẹ̀dá, òun ló ń sọ fún un pé kó lù. Ti ẹlòmíràn máa ń rí ọ̀nà àbùjá, á wá máa yí po lójú kan, ọkàn á máa sáré. Ó so àpótí kékeré kan tí kásẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀ mọ́ ọkọ mi níbàdí, ó lẹ okùn rẹ̀ mọ́ ọn láyà.

"Bàbá, ẹ máa ṣe bí ẹ ti ń ṣe lójoojúmọ́. Ẹ gbé e padà wá lọ́la."

Kásẹ́ẹ̀tì kẹ̀! Ìjọ aláṣọ funfun wa ti gba orin sínú kásẹ́ẹ̀tì rí, Wòlíì Ìsíkẹ́ẹ̀lì kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni húkọ́. Bí a ṣe délé wa ní Agbowó, gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ọkọ mi jókòó bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Èmi náà ń rọra gbé ìkòkò kaná. Ìyá Súlè, ará ilé wa, wọlé pẹ̀lú ariwo. Ọkọ mi na ìka sí i: "Ẹ rọra! Wọ́n ń gba ohùn ọkàn mi sílẹ̀!"

Ìyá Súlè tẹ̀ síwájú, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí àpótí náà: "Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Orúnkún mi náà ń ro mí."

Lọ́jọ́ kejì, wọn kò rí nǹkan kan. Dókítà bi wá ní ohun tí a ṣe, a rò fún un. Ẹ̀rín pa Nọ́ọ̀sì Ràlíá títí ó fi di ògiri mú.

Dókítà ní, "Bàbá, àpótí yìí kì í gbọ́ ariwo. Iná ọkàn yín nìkan ló ń gbọ́."

Ọkọ mi wò mí. "Ẹ sì jẹ́ kí n máa bá obìnrin yìí sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ látàná!"

Wọ́n tún so ó mọ́ ọn. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Múfútáù pa ayùn, ó ní ìfági nìkan ni. Ó fá pákó, ó bú Múfútáù, ọkàn bá gbéra. Kásẹ́ẹ̀tì mú un! Dókítà fi pépà hàn wá, ìlà há mọ́ra bí eyín òòyà. Inú wa dùn bí ẹni tó mú olè.

Wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n ní kó jáwọ́ nínú obì tó ń lé ọkàn sáré. Wọ́n kọ́ ọ pé bó bá ti bẹ̀rẹ̀, kó jókòó, kó pa ẹnu àti imú dé, kó fún ikùn bí ẹni tó fẹ́ gbé pákó, ọkàn á sì rọlẹ̀. Ẹ má dán an wò bí dókítà yín kò bá kọ́ yín. Díẹ̀díẹ̀ ó padà sídìí ayùn. Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe ni bẹ́ǹṣì tuntun fún àwọn tó ń dúró de dókítà. Kò mì.

Láti ìgbà náà, bí a bá jí, mo máa ń fọwọ́ kan àyà rẹ̀ kí n tó kí i. Ara tí a ń gbé kiri yìí, a kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ àfi tó bá kọsẹ̀. Èmi dúpẹ́ láràárọ̀, ọkọ mi sì pẹ́ láyé kó tó lọ. Ọjọ́ ogbó ló mú un lọ, lójú oorun. Mo fọwọ́ kàn án láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó dákẹ́.

A sin ín lọ́jọ́ Ẹtì, nínú pósí tí Múfútáù fá.